Ọyẹ́ Wọ Inú Apẹ̀rẹ̀

Kòfowórọlá ti tú apẹ̀rẹ̀ keje kí Rasheedat tó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, tó sáré wá bá a.

"Kòfó, dúró ná. Ṣé Màmá ló ní kó o tú wọn?"

"Màmá ni, àǹtí. Wọ́n ní kí àwọn àlejò lè rí i dáadáa."

Irọ́ gbuu ni. Bó ṣe jáde wẹ́rẹ́ ya Kòfó fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Rasheedat wo ojú rẹ̀, ó wo àwọn apẹ̀rẹ̀, ó tún wo ìta níbi tí ọyẹ́ ti bo gbogbo Sábó, tí èèyàn ò lè rí gogoro mọ́ṣáláṣí tó wà ní òdìkejì títì. Ọdún kejìdínlógún rèé tí obìnrin yìí ti ń ṣa obì fún Màmá. Kì í ṣe ẹni tí í bá ọmọ ọmọ ọ̀gá rẹ̀ jiyàn láàárọ̀ kùtù. Ó ní, "Ó dáa, tó bá jẹ́ pé Màmá ló wí bẹ́ẹ̀," ó sì padà sídìí ìgbálẹ̀ rẹ̀.

Apẹ̀rẹ̀ méjìlá ni gbogbo rẹ̀. Okùn ìko ni Màmá fi di ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n wá ta kókó kan tí ṣóńṣó ewé yọ jáde láàárín rẹ̀. Kòfó tú gbogbo rẹ̀. Ó ká ewé orí wọn kúrò, ó da obì gbànja sórí aṣọ funfun tó tẹ́ síwájú ilé obì, pupa lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀. Ó rẹwà, ká má parọ́. Ẹni tó bá rí i á fẹ́ yà á ní fọ́tò, ohun tí Kòfó sì ń wá gan-an nìyẹn.

Ẹ ẹ̀ rí i, kí ni ará Èkó ń ṣe ní Dìsẹ́ńbà? Etí òkun. Òde orin tí wọ́n á ti tò lọ bẹẹrẹ lórí ìdúró. Ilé oúnjẹ tí wọ́n lọ lésìí, wọ́n á tún wọ aṣọ tuntun padà síbẹ̀. Kòfó ti gbé Yábàá fún ọdún mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ ti sú u. Lóṣù kẹwàá ló kọ ọ́ sórí Wásáàpù pé lọ́dún yìí, òun á mú ẹni tó bá fẹ́ lọ síbi tí ẹnì kan kì í mú èèyàn lọ lásìkò ọyẹ́. Ó pè é ní Ìrìn Ọyẹ́. Wọ́n á rí bí wọ́n ṣe ń ṣa obì ní Ṣàgámù, wọ́n á jẹ ìkọ́kọrẹ́ lọ́sàn-án, wọ́n á sì gba Ìkẹ́nnẹ́ lọ gbọ́ bí àwọn akọrin ìjọ kan ṣe ń múra orin Kérésìmesì sílẹ̀. Èèyàn mẹ́rin ló rò pé òun máa rí. Mọ́kànlá ló ní àwọn ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí àwọn mọ́kànlá yìí ni kò fi rí oorun sùn. Tìtorí Màmá ni. Màmá Ọláníyọnu, ìyá tó bí bàbá rẹ̀, máa pé ọgọ́rin ọdún lẹ́ẹ̀mí-ìn, ó sì ti tó ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n ti ń sọ ọ́ pé, "Lọ́jọ́ tí mo bá dìde nílé obì yìí, kí ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn." Ta ni yóò jókòó síbẹ̀? Ọláníyọnu, bàbá Kòfó, ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Abẹ́òkúta, kò mọ gbànja yàtọ̀ sí àbàtà. Kòfó nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ yá sí i láti kékeré. Ọwọ́ òsì ló ń lò. Níbi gbogbo ni wọ́n ti ń gbá ọwọ́ náà fún un, àfi nílé obì. Màmá ní obì ò mọ òsì, obì ò mọ ọ̀tún. Àmọ́ nígbà tó pé ọdún méjìdínlógún, ó ní òun ò ṣe mọ́. Ó ní obì ń jẹ́ kí ọwọ́ òun pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Màmá ò bẹ̀ ẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ kò ju, "Ó dáa, lọ fọ̀ ọ́."

Ọdún mọ́kànlá rèé. Ẹ̀rù ń ba Kòfó báyìí pé ilẹ̀kùn náà máa tì lójú òun, òun gan-an ló sì kọ́kọ́ tì í. Ó rò pé bí èèyàn bá ń wá, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ibẹ̀ káàkiri, Màmá á rí i pé ilé obì ò tíì lọ́jọ́ lórí.

Màmá gbà. Wọ́n ní kí àwọn àlejò máa bọ̀. "Ṣùgbọ́n má tú apẹ̀rẹ̀ kankan kí n tó dé," nítorí wọ́n ní ìsìn ìdúpẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìkẹ́nnẹ́, ó di nǹkan bí aago mọ́kànlá kí wọ́n tó dé. Aago mẹ́sàn-án sì ni bọ́ọ̀sì Èkó ń bọ̀. Kí làwọn àlejò á wá máa wò fún wákàtí méjì? Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dì pa? Kòfó ka ọ̀rọ̀ náà sí wàhálà àgbà.

Bọ́ọ̀sì dé. "Ẹ kú ọyẹ́ o," ni Rasheedat ń kí wọn bí wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀, ètè gbogbo wọn ti funfun. Afọláyan ló ṣáájú, ọkùnrin gìrìpá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní bánkì, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Áà! Ẹ wo obì! Ẹ jẹ́ kí n dùbúlẹ̀ sí i láàárín, kí ẹnì kan yà mí."

"Tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀yin náà là á ṣà," ni Rasheedat fèsì. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Wọ́n yà, wọ́n yà, wọ́n tún yà. Kòfó ń ṣàlàyé pé gbànja kì í là ju méjì lọ, pé àbàtà ló ń là sí mẹ́rin, pé tí kòkòrò bá ti lu ẹyọ kan, yóò ran gbogbo apẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn gbígbẹ ń fẹ́ wá láti apá ọ̀nà Ìsarà, ó ń gbé etí aṣọ funfun náà sókè. Inú rẹ̀ dùn. Ó ń wo àwọn fóònù tí wọ́n nà sókè, ó ń sọ lọ́kàn pé kí Màmá tètè dé wá rí i.

Fàtíà ló kọ́kọ́ rí i. Nọ́ọ̀sì ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, látìgbà tí wọ́n sì ti dé, òun nìkan ni kò mú fóònù jáde. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹyọ obì kan, ó fi àtàǹpàkò nù ún.

"Kòfó, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí? Ara rẹ̀ ń hunjọ."

Kòfó gbà á. Dídán tó wà lára rẹ̀ láàárọ̀ ti lọ. Ìlà tín-tìn-tín ti sá lára rẹ̀ bíi ti gìgísẹ̀ àgbà. Ó mú òmíràn, bákan náà. Ó mú ìkẹta. Ọwọ́ rẹ̀ ti rántí ohun tí orí rẹ̀ gbàgbé. Ó rántí ọdún tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, tí òun gbàgbé ewé lórí apẹ̀rẹ̀ kan lásìkò ọyẹ́, tí Màmá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá òun lọ́wọ́: omi ara obì ni aṣọ rẹ̀, kò ní òmíràn. Ọyẹ́ tó ń la ètè èèyàn, ṣé obì ni yóò ṣàánú? Gbogbo iṣẹ́ ilé yìí, kí wọ́n má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè ni. Òun sì ti tẹ́ apẹ̀rẹ̀ méjìlá sílẹ̀ fún atẹ́gùn láti aago méje.

Aago mẹ́rin ni ọkọ̀ Àdìsá, awakọ̀ akẹ́rù, ń kó wọn lọ sí Kánò. Àwọn tó ń rà á níbẹ̀ kì í tú apẹ̀rẹ̀ Màmá wò. Wọ́n á kàn fọwọ́ kan kókó yẹn, wọ́n á gbé e sápá kan. Ogójì ọdún, kò sí ìkankan tí wọ́n dá padà rí.

Ó yí padà kí ó pe Rasheedat, kẹ̀kẹ́ márúwá kan sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Màmá bọ́ sílẹ̀ nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, funfun báláú, Bíbélì lábíyá. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n rìn wá sídìí aṣọ tó wà nílẹ̀, wọ́n mú obì kan, wọ́n bù ú jẹ, wọ́n tu ú sọ́wọ́.

"Ta ló tú kókó mi?"

Rasheedat wolẹ̀. Bí Kòfó bá dákẹ́, obìnrin yẹn ò ní sọ̀rọ̀, yóò gba èébú náà mọ́ra, ọ̀rọ̀ á tán. Wọ́n ní irọ́ lè lọ fógún ọdún kí òtítọ́ tó bá a lọ́jọ́ kan. Ti Kòfó ò tíì lọ wákàtí mẹ́rin, ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Èmi ni, Màmá. Àǹtí Rasheedat bi mí, mo ní ẹ̀yin lẹ ní kí n tú u. Mo parọ́ mọ́ yín."

Màmá wò ó. Ìbá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n tú gèlè, wọ́n gbé òun àti Bíbélì lé Rasheedat lọ́wọ́, wọ́n fa àpótí ìjókòó wọn wá sí ẹnu ọ̀nà.

"Bá a bá ń sunkún, à á máa ríran. Rasheedat, kó àpò ìdọ̀họ jáde, kó o rẹ ẹ́ sómi. Má jẹ́ kó máa kán tótó." Wọ́n kọjú sí àwọn àlejò. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ pẹ̀lẹ́, mi ò kí yín. Ìran lẹ wá wò, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ni Afọláyan dáhùn.

"Ìran ti tán. Ẹ jókòó."

Ẹ bá mi wo àwọn ará Èkó mọ́kànlá nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Sábó! Màmá ní kí wọ́n na ọwọ́ wọn, wọ́n yẹ èékánná wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan bíi tìṣà ilé ìwé. Àwọn tí èékánná wọn gùn, wọ́n rán wọn lọ sẹ́yìnkùlé lọ gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á nù ún. Àwọn tó kù jókòó yí obì ká lábẹ́ àtíbàbà níbi tí atẹ́gùn ò dé. Èyí tó ṣì mú omi, ó ń lọ sábẹ́ ìdọ̀họ tútù. Èyí tó ti là, ó ń lọ sápá kan. Èyí tó kàn hunjọ díẹ̀, Màmá ní kí wọ́n fi hàn Rasheedat.

Nígbà tó yá, Afọláyan ní, "Màmá, mo fi èékánná ha ẹyọ kan."

"Jẹ ẹ́."

Ó jẹ ẹ́. Ojú rẹ̀ hunjọ ju obì lọ. Ẹ̀rín bú, àní Rasheedat rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ kan ti Kòfó, ẹ̀rín náà gbẹ.

Kòfó sún mọ́ ọn. "Àǹtí, ẹ má bínú sí mi."

"Mò ń bínú." Rasheedat ò gbójú sókè. "Wo èyí tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ yẹn, ó ti là nídìí."

Ó là nídìí lóòótọ́. Kòfó jù ú sápá kan. Ọwọ́ òsì náà ti ń yá díẹ̀díẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ ń mọ èyí tó dáa kí ojú tó rí i. Nígbà tí wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ dé, ọwọ́ kan ni wọ́n fi jẹ ẹ́, wọ́n ń fi èkejì ṣà, bí ó ṣe ń gbóná yẹn, kò sẹ́ni tó dìde. Orin Ìkẹ́nnẹ́ ò ṣeé dé mọ́, gbogbo wọn mọ̀. Fàtíà wá dá orin Kérésìmesì kan sílẹ̀ jẹ́jẹ́, àwọn yòókù gbè é. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ kejì, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú wọn àfi Rasheedat, Mùsùlùmí òdodo, tó ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu Màmá fún ọdún méjìdínlógún.

"Bàbá mi kì í jẹ obì kí n má bá a pa á," ni Fàtíà sọ nígbà tí orin náà parí. Ó tún mú òmíràn, ó ń ṣà lọ.

Kòfó ń yọjú wo Màmá lóòrèkóòrè. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń tọ́ka, wọ́n ń sọ pé "kì í ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn," pé "ewé tútù, má fi gbígbẹ." Àmọ́ ọwọ́ méjèèjì wọn wà lórí itan látìgbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kòfó rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni. Ìyẹn sì tún ń bà á lọ́kàn jẹ́.

Aago mẹ́ta ààbọ̀ kọjá ni Àdìsá fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ dé. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́sàn-án ti kún, ewé tútù nísàlẹ̀, ewé tútù lókè. Ìwọ̀n apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta ló bọ́ sápá kan, kò wúlò fún nǹkan mìíràn mọ́ ju kí wọ́n là á, kí wọ́n sá a gbẹ.

"Màmá, ẹ kú ìjókòó," ni Àdìsá ń wí. "Mi ò ní lè dúró pẹ́ o, mo fẹ́ ti kọjá Ìbàdàn kí ilẹ̀ tó ṣú."

Kòfó kó okùn ìko wá, ó kúnlẹ̀, ó gbé e síwájú Màmá. Màmá ò mú un.

"Èmi kọ́ ni mo ṣà á."

"Màmá, ojú yín ló ṣe."

"Ojú mi ló ṣe. Ọwọ́ mi ò kàn án. Mi ò ní ta kókó mi sórí ohun tí ọwọ́ mi ò kàn."

Ó wá yé Kòfó ìdí tí ọwọ́ yẹn fi wà lórí itan látàárọ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò lè dá a dúró, níwájú àwọn àlejò rẹ̀ mọ́kànlá. Apẹ̀rẹ̀ tí kò ní kókó, bí ọmọ tí kò ní bàbá ni yóò rí ní Kánò. "Ta ló máa wá ta á, Màmá?"

"Ẹni tó tú u."

"Mi ò rántí bẹ́ ẹ ṣe ń ta tiyín mọ́."

"Ta ló bi ọ́ ní tèmi?"

Àdìsá gan-an, tó ní òun ń kánjú, fẹ̀yìn ti ọkọ̀ rẹ̀. Kòfó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó mú okùn. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Bó ṣe fẹ́ ta á, ọwọ́ òsì ló ṣáájú, okùn náà sì kọjú sí ibi tí ti Màmá kì í kọjú sí. Ó fẹ́ tú u. Màmá na ọwọ́, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

"Fà á sí i."

Ó fà á. Màmá tún tẹ̀ ẹ́. Kòfó kọjá sí èkejì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi di mẹ́sàn-án, gbogbo kókó wọn kọjú sósì.

Nígbà tí wọ́n kó wọn sọ́kọ̀ tán, Àdìsá dúró, ó ń họ orí. "Màmá, mi ò mọ kókó yìí rí. Wọ́n á bi mí ní Kánò pé ti ta ni."

"Ti Kòfó ni," ni Màmá wí. "Sọ fún wọn pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tú u wò dáadáa."

Ọkọ̀ náà gba inú ọyẹ́ lọ. Àwọn àlejò ń gbọn eruku ara wọn, wọ́n ń na ẹ̀yìn, Afọláyan ti ń bi gbogbo èèyàn léèrè ìgbà tí wọ́n tún ń bọ̀. Kòfó ní kí wọ́n máa lọ, pé òun á bá wọn lọ́la ní Èkó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí bọ́ọ̀sì fi yí kọ́nà. Ó ń rò ó pé láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọwọ́ ẹni tí òun ò mọ̀ máa wọ inú apẹ̀rẹ̀ yẹn, òun ò sì ní sí níbẹ̀ láti sọ ohunkóhun. Ṣé bó ṣe máa ń rí fún Màmá nìyí, ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá lọ, fún ogójì ọdún? Wọn ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí.

Nígbà tó wọlé, Màmá ti bu omi sínú abọ́ kan, wọ́n gbé e sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Fọwọ́ rẹ."

Kòfó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú títí dé ọrùn ọwọ́, abẹ́ èékánná rẹ̀ dúdú. Ó wo obì tó ti là, tí wọ́n kó jọ sára ògiri.

"Ìwọ̀n apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta ló ṣì wà nílẹ̀, Màmá."

Ó sún abọ́ náà sápá kan, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í là wọ́n. Rasheedat wá jókòó ti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Màmá fa àpótí wọn sún mọ́ wọn, wọ́n ká apá aṣọ funfun wọn sókè, wọ́n mú obì kan.